Ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu: àwọn àmì autism tí òbí lè tètè rí lára ọmọ

"Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." "Ọmọkùnrin ni, wọn kì í tètè fọhùn." "Ẹ fọkàn balẹ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà ni ẹ máa ní kó dákẹ́." Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún méjì láì sọ̀rọ̀, yálà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, á ti gbọ́ ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́ta yìí lẹ́nu ìyá ọkọ, lẹ́nu aládùúgbò tàbí lẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ ń tajà.

Ìfẹ́ ló ń mú kí wọ́n sọ ọ́, ó sì máa ń jẹ́ òótọ́ lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọmọ wà tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, tí kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé àìsọ̀rọ̀ kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yàtọ̀ lára rẹ̀. Kó tó di pé ẹnu rẹ̀ pẹ́, ojú rẹ̀ àti ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ń sọ nǹkan fún wa. A kò kà á sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni gbogbo ilé ń retí. Ìdí tí a fi kọ àlàyé yìí nìyẹn, kí òbí lè mọ àwọn àmì autism tó máa ń hàn ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹnu, kí wọ́n má bàa fi àwọn ọdún tó ṣe pàtàkì jù nínú ìdàgbàsókè ọmọ ṣòfò lórí dídúró.

Kí ni autism?

Autism kì í ṣe àrùn tó ń ranni. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe gìrì, kì í sì í ṣe àìgbọ́ràn. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ohun méjì ló máa ń kàn. Èkíní ni bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn lò: wíwo ojú, dídáhùn, sísọ̀rọ̀, bíbá ẹlòmíràn ṣeré. Èkejì ni bí ó ṣe ń rọ̀ mọ́ ohun kan náà ní àṣetúnṣe, àti bí ariwo, ìmọ́lẹ̀, oúnjẹ tàbí aṣọ ṣe ń rí lára rẹ̀. Ti ẹnìkan kì í rí bíi ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ní autism wà tó kàwé dé yunifásítì, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ní ìdílé. Òmíràn wà tí kò ní lè fi ẹnu sọ̀rọ̀, tí yóò sì nílò olùtọ́jú títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Lọ́dún 1943 ni Dókítà Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó ní irú ìwà yìí. Nítorí èyí, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1978, Victor Lotter tẹ ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tó wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri ní ìlú mẹ́sàn-án ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára wọn, ó sì rí àwọn ọmọ náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé, lọ́dún 2021, nǹkan bí ẹnìkan nínú èèyàn 127 ló ní autism. Bí èèyàn 1,000 bá péjọ fún ìrun Jímọ̀ ní mọ́sálásí ńlá kan, tí a bá fi ìṣirò yẹn wò ó, méje tàbí mẹ́jọ lè wà láàrin wọn. A ń rí wọn lójoojúmọ́, orúkọ mìíràn la kàn ń pè wọ́n.

Ìmọ̀ nípa rẹ̀ kò tíì tó láàrin wa. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Muideen Bakare, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Enugu, ṣe ìwádìí lórí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mọ̀ nípa autism ní Nàìjíríà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008 àti 2009. Àwọn kan wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà pàápàá tí wọ́n gbà pé ohun àìrí ló ń fà á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera, a kò lè bá ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ wí pé kò tètè mọ̀.

Ohun tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹnu

Ọmọ kì í dédé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn ohun kan wà tó ń gùn bí àtẹ̀gùn kó tó dé ibẹ̀. Àwọn ni kí ẹ máa wò.

Ní nǹkan bí oṣù 9: Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò yíjú. Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín sí i, yóò rẹ́rìn-ín padà. Ojú rẹ̀ yóò máa fi ìdùnnú, ìbínú àti ìyàlẹ́nu hàn. Ọmọ tí ẹ ń pè léraléra fún ọjọ́ púpọ̀ tí kì í yíjú, tó sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ kì í yí padà bí ẹ bá ń bá a ṣeré, ẹ kíyè sí i.

Ní nǹkan bí oṣù 12: Ọmọ á ti máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Á juwọ́ pé ó dàbọ̀, á nawọ́ sókè pé kí wọ́n gbé òun, á fẹ́ràn eré bojúbojú. Tí kò bá sí ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí, àmì ni.

Ní nǹkan bí oṣù 15: Ọmọ tó rí ìdérí ìgò nílẹ̀ á gbé e wá fi hàn yín. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan sí i. Ó kàn fẹ́ kí ẹ̀yin náà rí i ni.

Ní nǹkan bí oṣù 18: Ìka ọwọ́ ni kí ẹ máa wò. Bí ọkọ̀ òfúrufú bá ń kọjá, tàbí tí ewúrẹ́ bá já wọ àgbàlá, ọmọ á na ìka sí i, á sì bojú wò yín, bí ẹni ń wí pé, "Ṣé ẹ rí i?" Ìjíròrò gidi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀. Ọmọ tó ní autism lè má na ìka rárá. Tó bá fẹ́ omi, ó lè di ọwọ́ yín mú, kó fà yín dé ìdí ìkòkò omi, kó sì gbé ọwọ́ yín lé e bí ẹni ń lo irinṣẹ́, láì wo ojú yín.

Tó bá di ọdún 2: Ọmọ á máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fúnra rẹ̀: "Màmá, wá", "omi tán". Tí ẹ bá fara pa tàbí tí ẹ ń sunkún, á dúró wò yín, á fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tó bá di ọdún 3: Á máa dara pọ̀ mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Eré rẹ̀ á ní ìtàn nínú: á pọn ìrọ̀rí sẹ́yìn bí ọmọ, á fi yẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀, á ṣe bí awakọ̀.

Àmì kan wà tí kò yẹ kí òbí fi òní dọ́la lórí rẹ̀: ọmọ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, tó ti ń juwọ́, tó ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn, tí gbogbo rẹ̀ wá dáwọ́ dúró. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún kan sí ọdún méjì. Ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, tí ọmọ bá ń sọ ohun tó ti mọ̀ nù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Àwọn àmì mìíràn tún wà. Ọmọ lè fi ọkọ̀ ìṣeré sílẹ̀, kó máa yí táyà rẹ̀ nìkan fún wákàtí kan. Ó lè máa to ìdérí ìgò sí ìlà, kó sì figbe ta tí ẹnìkan bá yí ọ̀kan padà. Ó lè máa fi ìka ẹsẹ̀ rìn, kó máa ju ọwọ́ bí ìyẹ́, kó máa yí po. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta tàbí jẹnẹrétọ̀ lè mú un di etí méjèèjì, kó máa ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Ó lè jẹ́ ìrẹsì funfun nìkan ni yóò máa jẹ. Ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà lọ sílé ìyá àgbà, tí ẹ bá gba ibòmíràn lọ́jọ́ kan, ìjàngbọ̀n dé.

Àmì kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé ọmọ ní autism. Ọmọ tí ara rẹ̀ pé náà lè fi ìka ẹsẹ̀ rìn, ó sì lè yan oúnjẹ jẹ. Ṣùgbọ́n tí àmì bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá kó ara wọn jọ, pàápàá àìdáhùn sí orúkọ, àìwojú àti àìna ìka, ẹ má dúró mọ́.

Ibi tí àṣà wa ti lè bo àmì mọ́lẹ̀

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í ranjú mọ́ àgbà. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún òbí pé ọmọ tí kì í wojú èèyàn ń fẹ́ àyẹ̀wò, ó lè rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ kò tíì mọ ìyẹn. Ọmọ tó ń mu ọmú máa ń wo ojú ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún kan máa ń wo ojú bàbá rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ohun tí òun fẹ́ fọwọ́ kàn léwu. Ìtìjú níwájú àgbà máa ń dé lẹ́yìn náà, kò sì kan ìyá, àbúrò àti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ "ọmọ jẹ́jẹ́". Ọmọ tí kì í sunkún, tí kì í bèèrè nǹkan, tó lè dá jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nígbà tí ìyá rẹ̀ ń tajà, a máa ń yìn ín. Ó lè jẹ́ ìwà rẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò mọ̀ pé èèyàn wà nítòsí tí òun lè pè. Ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń bò mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń rí tó ní autism pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń pe ọmọbìnrin ní onítìjú, wọn kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó kàn wá jù gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ àkàsórí. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè máa ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa pe ìrun bíi ládáànì, tàbí kó máa sọ ìpolówó orí rédíò láì fo ọ̀rọ̀ kan. Inú gbogbo ilé á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ náà, ṣé ó lè sọ ọ́? Tí ẹ bá bi í pé, "Kí lo fẹ́ jẹ?", ṣé ó máa ń dáhùn, àbí "Kí lo fẹ́ jẹ?" náà ni yóò sọ padà fún yín? Ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni àkàsórí, kí a dúpẹ́ fún un. Àmọ́ kí a má jẹ́ kó bo àìlèbéèrè omi mọ́lẹ̀.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa kì í dáhùn sí orúkọ, kì í sì í sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé autism ni, ó yẹ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má fi pípàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ọmọ lè gbọ́ ariwo ìlẹ̀kùn kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ọmọ náà bá ní ibà pọ́njú tó le nígbà tí wọ́n bí i, tàbí àrùn yírùnyírùn, ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé méjèèjì lè ba etí jẹ́. Bí ó bá jẹ́ etí ni, ìtọ́jú tirẹ̀ wà. Bí kò bá sì ṣe etí, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó gbà.

Ta ló fà á?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìbéèrè yìí ló kọ́kọ́ máa ń jáde, ìyá ọmọ ló sì sábà máa ń jẹ̀bi. Wọ́n á ní ó jẹ ohun tí kò yẹ nínú oyún, pé orogún ló ṣe é, pé àlùjànnú ló pààrọ̀ ọmọ, tàbí pé ó gbé ọmọ jù sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà kan, àwọn dókítà òyìnbó pàápàá sọ pé ìyá tí kò fi ìfẹ́ hàn ló ń fà á. Wọ́n ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́, nítorí pé irọ́ ni. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ ló ní ipa tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kọ́ ló ń fà á. Lọ́dún 1998, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Wakefield, tẹ ìwé kan jáde tó so abẹ́rẹ́ ìgbóná-èéyi pọ̀ mọ́ autism. Lọ́dún 2010, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde fagi lé e, wọ́n sì yọ orúkọ dókítà náà kúrò nínú ìwé àwọn oníṣègùn. Lọ́dún 2019, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ọmọ tó lé ní 650,000 ní Denmark: àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà kò ní autism ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dàbí òótọ́ lójú òbí ni àkókò. Oṣù 9 àti oṣù 15 ni wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ìgbóná-èéyi ní Nàìjíríà, àkókò yẹn náà sì ni àmì autism máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Wọ́n kàn pàdé lójú ọ̀nà ni. Ọmọ tí wọn kò bá gún lábẹ́rẹ́ lè kú ikú ìgbóná-èéyi, kò sì ní torí ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ autism.

Àdúà àti ilé ìwòsàn

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ààfáà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àdúà jẹ́ ohun ìjà onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló kọ́ wa pé kí a so ràkúnmí wa kí a tó fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, òun náà ló sì gbà wá níyànjú pé kí a máa tọ́jú ara tí a bá ń ṣàìsàn. Ẹni tó ń ṣàdúà tó sì gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ti ṣe méjèèjì. Ẹni tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ààfáà kan sí òmíràn fún ọdún mẹ́ta láì gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn kò tíì so ràkúnmí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ìṣekúṣe ni kí wọ́n máa na ọmọ kí àlùjànnú lè jáde, kí wọ́n fi ebi pa á, kí wọ́n fi èéfín fín in lójú, tàbí kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Ìyà ni ọmọ náà ń jẹ, kò sì mọ ohun tó ṣe. Àwọn ọmọ tó ní autism kan máa ń ní gìrì pẹ̀lú; tí gìrì bá mú ọmọ, ẹ má fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ ní jàǹbá ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti pa àwọn mìíràn. Kò sí oògùn tó ń wo autism sàn. Ẹni tó bá ń ta ọ̀kan fún yín, àgbo ni o, oògùn òyìnbó ni o, omi ìfọṣọ tí wọ́n ní kí ọmọ mu ni o, ẹ̀tàn ni.

Ẹ̀yin ààfáà wa, ọ̀rọ̀ yín ń wọ ilé tí ọ̀rọ̀ dókítà kò lè wọ̀. Tí ìyá kan bá gbé ọmọ tí kì í dáhùn wá bá yín, tí ẹ bá ṣàdúà fún un tán, tí ẹ sì ní, "Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí," ẹ ti gba ọdún púpọ̀ là fún ọmọ náà. Kí a sì rántí Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú tí Ọlọ́hun tìtorí rẹ̀ sọ Súrátù Abasa kalẹ̀. Kò lè ríran, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tó ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà, Ànábì sì ti fi ìlú náà síkàáwọ́ rẹ̀ nígbà tó rìnrìn àjò.

Níbo ni kí a lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín, níbi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ oṣù 9 àti ti oṣù 15 dára púpọ̀ láti béèrè. Ẹ má kàn sọ pé, "Ọmọ mi kò tíì sọ̀rọ̀," nítorí wọ́n lè ní kí ẹ lọ ní sùúrù. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí ní pàtó: "Kì í yíjú tí mo bá pè é. Kì í na ìka sí nǹkan. Ó ti ń pe 'bàbá' tẹ́lẹ̀, kò pè é mọ́." Ẹ fi fóònù ká fídíò kékeré nígbà tó ń ṣeré, kí dókítà lè rí ohun tó lè má ṣe níwájú rẹ̀. Ẹ tún lè béèrè fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní M-CHAT. Ìbéèrè 20 ni, fún òbí ọmọ oṣù 16 sí oṣù 30. Kì í sọ pé ọmọ ní autism. Ó kàn ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò síwájú sí i.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú tàbí Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé ní LASUTH, Ìkejà, tàbí ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá náà ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ilé ìwòsàn náà lé yín sẹ́yìn; lílọ síbẹ̀ kò sọ pé ọmọ yín ya wèrè. Ilé aládàáni wà pẹ̀lú, bíi Patrick Speech and Languages Centre ní Ìkejà, tí Dotun Akande, tí òun náà jẹ́ ìyá ọmọ tó ní autism, dá sílẹ̀ lọ́dún 2006. GTBank náà ti ń ṣe àpérò ọdọọdún lórí autism ní Èkó fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, níbi tí òbí ti lè rí onímọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà jìn láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkejà, owó ọkọ̀ sì gunwọ́n. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nílé lónìí

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀kọ́ kan fún òbí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2022. Ohun tó dá lé ni pé kí òbí lo iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ láti kọ́ ọmọ. Ẹ jókòó sílẹ̀ kí ojú yín àti tirẹ̀ dọ́gba. Ohun tó bá ń fi ṣeré ni kí ẹ bá a fi ṣeré; tó bá ń yí táyà, ẹ̀yin náà ẹ yí i. Ẹ lo ọ̀rọ̀ kúkúrú: "Ó ń yí!" "Ó dúró!" Ẹ mú omi àti ọsàn dání, kí ẹ jẹ́ kó yan ọ̀kan, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kó lè wò yín tàbí kó nawọ́ kí ẹ tó fún un. Tó bá gbìyànjú, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kúrò nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Fóònù kọ́ ló fa autism, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ọmọ bí ìyá ṣe ń dáhùn.

Ẹ sì máa bá a sọ Yorùbá. Àwọn kan máa ń sọ fún òbí pé kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀, kí wọ́n dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ìwádìí kò fi hàn pé gbígbọ́ èdè méjì ń pa ọmọ tó ní autism lára. Èdè tó dá yín lẹ́nu jù, tí gbogbo ilé ń sọ, ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀.

Ohun kan kù tí àwa tí ń gbé etí ọ̀sà kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní autism máa ń sá jáde láì sọ fún ẹnìkan, wọn kì í mọ ewu, omi sì máa ń fa púpọ̀ nínú wọn mọ́ra. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, omi ló ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù lọ tí wọ́n bá sá jáde. Ẹ wo bí Èbúté Ìkòròdú àti èbúté Ẹ̀pẹ́ ṣe rí, ẹ wo kànga tí kò ní ìdérí nínú àgbàlá wa. Ẹ fi ìdérí sí kànga. Ẹ fi ìdábùú sókè ìlẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ sọ fún aládùúgbò, fún ọlọ́kadà ìkóríta àti fún àwọn ará mọ́sálásí pé tí wọ́n bá rí i lóun nìkan, kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n pè yín. Bí ọmọ bá sọnù, etí omi ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ.

Ẹ̀tọ́ ọmọ náà

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí àwọn akanda ẹ̀dá ti wà láti ọdún 2011, òun ló sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ tí ẹ lè mú ẹ̀sùn lọ. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama. Ìjọba Èkó ní ilé-ìwé Modupe Cole ní Àkọkà fún àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè jókòó láàrin ọmọ ẹgbẹ́ wọn, tí olùkọ́ bá ní sùúrù. Ilé-kéwú náà ńkọ́? Kí ààfáà fi pàṣán sílẹ̀, kó fi àwòrán àti àṣetúnṣe kọ́ ọ. Tí ariwo gbohùngbohùn mọ́sálásí bá ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn, jìnnà sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó máa gbé e bọ̀ ní mọ́sálásí mọ́.

Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nílé yín, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ òní. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ na ìka sí nǹkan kan lókè, kí ẹ wò ó bóyá yóò bá yín wò ó. Tí ó bá ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Tí kò bá ṣe é lónìí, tí kò ṣe é lọ́la, tí kò sì ṣe é ní ọ̀túnla, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kó wá tù yín nínú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun wo àwọn ọmọ wa, kí ó sì fún àwa òbí ní ojú tí yóò tètè rí wọn. Àmín.